Ẹ Má Tíì Lọ Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ará ilé,

Ẹ kú ewu àbúrò wa. Màmá ní ẹ̀rọ kọ́ńpìnnì gé ọmọ ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àgbárá, pé ọ̀gá sanwó ọsibítù, ó fi àpò ìrẹsì kan lé e, ẹ sì ti ń kó ẹbí jọ láti lọ dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.

Ọ̀gá náà lè jẹ́ ènìyàn rere, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n láti 2010 ni òfin ilẹ̀ wa ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa san, ó kéré tán, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NSITF. Kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn. Inú àpò yẹn ni owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bìínú ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ ti ń jáde. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó ọ̀gá létí, ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti fi tó àjọ náà létí, wọ́n sì fi ọdún kan sílẹ̀ fún bíbéèrè owó. Ìrẹsì kò sí nínú òfin.

Ibi tí mo wà náà kì í ṣe ọ̀run o. Òfin ààbò iṣẹ́ wọn ti 1974 ní kí ọ̀gá ṣe gbogbo ohun tó bá bọ́gbọ́n mu kí iṣẹ́ má baà pa wá lára, kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa lórí ìbọ̀wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ kẹ́à wa, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé àwọn arúgbó kúrò lórí ibùsùn bàjẹ́. Máníjà ní kí a fọwọ́ gbé bàbá kan. Ọmọ Gánà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó kọ àṣẹ náà sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kò kọ ọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ mìíràn fi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Ọ̀pọ̀ nínú wa kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀gá ló di físà wa mú. Bó bá jù ú sílẹ̀, ọjọ́ 60 ni ìjọba sábà máa ń fúnni láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kéèyàn palẹ̀ ẹrù mọ́.

Òfin 1974 yẹn kò yọ òṣìṣẹ́ pàápàá sílẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ ara mi, kí n ṣọ́ ẹni tí iṣẹ́ mi lè kàn, kí n má sì ba ohun ààbò jẹ́. Nítorí náà, ẹ bá mi bi àbúrò wa: ìbòrí ẹ̀rọ yẹn dà? Òfin Factories Act tiwa náà ní kí wọ́n bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ. Bí wọn kò bá fi í sí rárá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá nìyẹn. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọkùnrin ló yọ ọ́ kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n jẹ nínú ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ti ọ̀gá ṣì pọ̀ jù, torí òun ló mọ iye ọjà tó ń retí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn kò ní kí àbúrò wa má béèrè owó rẹ̀. Ìṣọ́ra òṣìṣẹ́ nìkan kò sì tó: ní Ìkòròdú ní 2002, iná sọ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ sì kú. Ìṣọ́ra wo ni ẹni tí wọ́n tì mọ́lé fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Màmá ní ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 14 kò tíì pé. Kí àbúrò wa kọ̀wé sí ọ̀gá lónìí: ọjọ́, wákàtí, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Kí ó tọ́jú ẹ̀dà kan pẹ̀lú ìwé dókítà.

Awò dúdú márùn-ún tó ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ iná wẹ́dà wà nínú báàgì tí mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́dọ̀ ọkọ àǹtí wa ní Ṣágámù ló ni ín. Kí wọ́n má tà á, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni, ọmọ yín.