Bí Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Kọ̀ Tí Kò Jí

Ní Amùró níhìn-ín, ọkọ̀ Peugeot 504 kì í ṣe ohun afẹ́ fún ilé tí ó bá ní i. Òun ni ó ń gbé iṣu dé ọjà Mọ́pà, òun ni ó ń gbé ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, òun kan náà ni a sì ń sáré tọ̀ lọ lóru bí àìsàn bá dé, kí a lè dé ilé ìwòsàn ECWA tí ó wà ní Ẹ̀gbẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn ẹni tí ó ni ín nìkan.

Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yìí jáde ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1975 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí tò ó ní Kàdúná. Tiwa ti dàgbà ju púpọ̀ nínú àwọn tí ń wà á lọ.

Ní àkókò ọyẹ́ tí ó kọjá, eruku pupa bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi bu omi sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní, a sì yìn wọ́n. Ní òru ọjọ́ náà ni gìrì mú ọmọ kékeré kan nínú ilé. A yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí ṣáá, kò jí. A kò ṣíwọ́ títí bátìrì fi rẹ̀. Aládùúgbò kan ni ó fi bọ́ọ̀sì tirẹ̀ gbé wa dé Ẹ̀gbẹ̀, a sì dúpẹ́ pé ọmọ náà yè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹkáníìkì kan wo ọkọ̀ náà, ó mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí a lọ wá owó òmíràn. A ti ń ka owó nígbà tí bàbá awakọ̀ kan, tí ó ti fẹ̀yìn tì, yà láti kí wa kú àìsùn. Kò fọwọ́ kan ohun kan. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ilé, kí ni ẹ ṣe sí i kẹ́yìn kí ó tó kọ̀?”

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú sípánà. Lẹ́yìn rẹ̀, kí a fi etí sí ohùn ọkọ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ó dákẹ́, tàbí tí ó kàn dún “kẹ́” lẹ́ẹ̀kan, kí a má tíì dárúkọ epo rárá. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹnìkan dúró níbẹ̀ kí ó máa wò ó bí ẹ ti ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá ṣú tí ó sì pọ́n bí iná fìtílà, agbára bátìrì ti tán, tàbí kí ìdọ̀tí funfun bí ẹfun ti bo orí rẹ̀ níbi tí wáyà ti dì mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ bátìrì ni a ti sọ nù tí omi gbígbóná díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìbá ti wò sàn. Bátìrì fólítì 12 tí ó kún yóò fi bí 12.6 hàn lójú òṣùwọ̀n. Bí ó bá fi 12 hàn tàbí kí ó dín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n bí iná iwájú bá mọ́lẹ̀ kedere tí kò yí padà, agbára kò dé ọ̀dọ̀ sítátà ni; ẹ wo wáyà rẹ̀, ẹ wo ojú kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. (Kí Charles Kettering tó ṣe sítátà oníná, èyí tí Cadillac fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912, ọ̀pá irin ni a fi ń yí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá náà a sì máa ṣẹ́ ènìyàn lápá. Kí àwọn tí ń bú sítátà rántí èyí.)

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa tí kò sì jí, bí tiwa ti rí, ọ̀ràn kúrò lọ́rùn bátìrì. Ohun mẹ́ta ni ó ń fẹ́: iná, epo, àti afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ pọ̀. Iná ni kí a kọ́kọ́ wá. Ẹ yọ wáyà kan kúrò lórí pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ fi pọ́lọ́ọ̀gì mìíràn sí i, ẹ gbé irin ara rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí kì í gbé iná ni kí ẹ fi dì í mú, nítorí a máa gbọn ènìyàn jìgìjìgì. Kí epo má sì sí nítòsí. Bí iná aláwọ̀ aró bá ń ta pàrà ní ẹnu rẹ̀, iná wà. Bí kò bá sí, ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá náà lọ tààrà. Ó ṣí i, ó dojú rẹ̀ dé: omi ń kán. Iná tí ó yẹ kí ó lọ sí orí pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba ojú omi lọ sínú irin. Ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó sá a sí oòrùn. Ó rí i pé ojú kọ́ńtáàtì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jó dúdú díẹ̀, ó sì fi sáńpépà kíkúnná ha á. (Bí ó bá ń jó bẹ́ẹ̀ léraléra, kọ̀ńdẹ́ńsà ni kí a fura sí.) A yá bátìrì aládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a yí kọ́kọ́rọ́.

Bí iná bá wà, epo ni kí a bi. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ tí ń fi epo hàn gbọ́. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, irọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kan. Bí ó bá gbẹ táútáú, epo kò dé: ìdọ̀tí lè wà nínú asẹ́, tàbí kí awọ inú pọ́ǹpù ti ya. Bí ó bá tutù tí ó ń rùn, epo ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa da epo sí ẹnu kàbúrétọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń yí kọ́kọ́rọ́. Iná a máa sán padà láti ibẹ̀, ojú ẹni tí ó tẹ̀ba ni yóò sì bá. Ti afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ pọ̀ ni kí ó kẹ́yìn, nítorí òun ni ó ń ná owó jù. Òun ni mẹkáníìkì wa fi ṣe àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà, aṣọ gbígbẹ kan, pọ́lọ́ọ̀gì kan, sáńpépà àti iná ọwọ́ kò kúrò nínú búùtù wa. Àwọn ọmọ ṣì ń wẹ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọ̀rá bo dísítíríbútọ̀ kí wọ́n tó bu omi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó sọ ti bíréèkì, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ilẹ̀ wa.