Ibi tí Ó Yẹ kí Bátìrì Tọ́ọ̀ṣì Wà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Láti Ìlógbò-Èkìtì, ní ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, láti tako ẹni tó gba àwọn arìnrìn-àjò níyànjú nínú ìwé ìròyìn yín pé kí wọ́n di tọ́ọ̀ṣì alágbára, irú èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń lò, pẹ̀lú bátìrì ìpààrọ̀ rẹ̀, sínú àpótí tí a ń kó sí ikùn ọkọ̀ òfuurufú. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òfin àgbáyé ni pé inú àpò àfọwọ́gbé nìkan ni bátìrì líthíọ́mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà, kí a sì dáàbò bo orí àti ìdí rẹ̀, bíi kí a fi téèpù bò wọ́n. Ìdí ni pé bí ó bá gbiná lọ́dọ̀ èrò, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yóò tètè rí i pa, ṣùgbọ́n ta ni yóò dé ikùn ọkọ̀ ní àárín òfuurufú?

Ní ti bátìrì tó ń mì tó sì ń dún nínú tọ́ọ̀ṣì, bébà onírin tí ẹni náà tún ní kí a ki bọ inú rẹ̀ léwu, nítorí irin a máa gbé iná. Bátìrì líthíọ́mù 18650, tí irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò, fẹ̀ ní mìlímítà 18. Bí ihò tọ́ọ̀ṣì bá fẹ̀ jù ú lọ, kí a fi bébà lásán wé ara rẹ̀, kí orí àti ìdí rẹ̀ wà ní gbangba, kí ó sì lè yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtúnṣe yìí jáde kíákíá, nítorí ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Arìnrìn-àjò kan,
Ìlógbò-Èkìtì.