Bí Ògiri Ò Bá Lanu

Bí ìjà bá wọ ẹbí, tí ará ìta rí àyè dá sí i, àwọn àgbà á ní: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ má bínú sí aláǹgbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ihò. Ẹni tó mọ ògiri lọ̀rọ̀ kàn.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn oníṣẹ́ irin. Irin tí kì í dípẹtà kan wà tí wọ́n ń pè ní 316L, tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi. Chromium inú rẹ̀, nǹkan bí ìdá 17 nínú 100, ló ń fi awọ tín-ín-rín bò ó. Iyọ̀ omi òkun ni aláǹgbá ibẹ̀. Nínú irin tí wọ́n rọ bíi ti àtẹ̀yìnwá, ibi tí manganese àti imí ọjọ́ bá ti kóra jọ di kóró kéékèèké ni iyọ̀ ti ń gbẹ́ ihò wọlé.

Ẹ̀rọ 3D tó ń tẹ irin jáde wá dé. Ó ń tẹ́ irin kíkúnná lúbúlúbú ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 0.03 sí 0.05, iná léésà á sì máa yọ́ ọ. Kíá ló ń tutù, débi pé manganese àti imí ọjọ́ kì í ráyè kóra jọ. Ìdí nìyí tí 316L tí wọ́n tẹ̀ dáadáa fi sábà máa ń fara da iyọ̀ ju èyí tí wọ́n rọ lọ.

Àmọ́ ibi tí a ti ń dí ẹnu kan, òmíràn lè là. Bí iná léésà ò bá lágbára tó, tàbí tó ń sáré jù, àlàfo á kù sáàárín ìpele méjì. Omi iyọ̀ tó bá há síbẹ̀ á di ásíìdì, awọ chromium ò sì ní lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá tún wá fi iná bí 1,100 dígírì sun irin náà kó lè rọ̀, ó lè fún manganese àti imí ọjọ́ láyè láti tún pàdé.

Nítorí náà, ẹni tó ń ra irin 3D fún iṣẹ́ etí òkun, kó béèrè àwòrán X-ray inú rẹ̀, kó sì béèrè irú iná tí wọ́n fi sun ún lẹ́yìn títẹ̀. 316L kan náà ni wọ́n á kọ sára èyí tó ṣù mọ́ra àti èyí tó ní àlàfo, iyọ̀ ò sì mọ̀wé kà.