Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ẹ̀rọ?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí kò yọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Lóde òní tí àwọn ìjọba ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá yẹ ìwé aráàlú wò, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí owó ìrànwọ́ tọ́ sí àti ẹni tí wọn yóò fura sí, ó yẹ kí ènìyàn bèèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń gbọ́ tẹnu ẹni tí ó ń dá lẹ́jọ́.

Àríkọ́gbọ́n ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Láti ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ owó-orí ibẹ̀ ti ń lo ẹ̀rọ kan láti díwọ̀n ìfura lórí àwọn òbí tí ó ń gba owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ. Lára ohun tí ẹ̀rọ náà ń wò ni bóyá òbí jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ènìyàn kò sí nídìí ẹ̀rọ o. Òṣìṣẹ́ wà tí ó ń yẹ ìwé àwọn tí ìfura wọn pọ̀ jù wò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ ìdí ìfura náà fún un. Òfin tí ó le koko tún wá gun orí rẹ̀: àṣìṣe kékeré, bí àìfọwọ́sí ìwé, lè sọ òbí di ẹni tí yóò dá owó odidi ọdún padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló wọ gbèsè. Iṣẹ́ bọ́, ilé tú. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ìjọba Mark Rutte fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021.

Ìdajì ọ̀rọ̀, nígbà náà, ni àwọn tí ó ní kí ènìyàn ṣáà ti wà nídìí ẹ̀rọ ń sọ. Ẹni tí kò mọ ìdí tí ẹ̀rọ fi fura, tí kò sì ní àṣẹ láti kọ̀ ọ́, òǹtẹ̀ lásán ni.

Òfin Nàìjíríà kò dákẹ́ lórí èyí. Abala 37 nínú òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ pé kí ìpinnu tí ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n má ṣe ti ọwọ́ ẹ̀rọ nìkan wá. Àyè kan wà tí òfin náà yọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dárúkọ ẹ̀tọ́ láti sọ tẹnu ẹni àti láti ta ko ìpinnu. Èdè wo ni ẹni náà yóò fi ta kò ó? Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, tí wọ́n kọ ìdí ìpinnu sí ní Gẹ̀ẹ́sì, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. (Orúkọ náà gan-an, ‘ọgbọ́n àtọwọ́dá’, ti pọ́n ẹ̀rọ lé jù, ohun tí kò lè tijú kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní ọlọ́gbọ́n. Àwọn tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka Yorùbá lè tún un wò.)

Iléeṣẹ́ ìjọba tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ìdí tí ẹ̀rọ fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ó dá orúkọ náà padà ná, títí àlàyé yóò fi wà.