Ẹ Má Tú Àwọn Ìlà Wa Ká

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ àdìrẹ tí a fẹ́ yà lórí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan nínú wa ní kí a to gbogbo àwòrán rẹ̀ sínú àkójọ kan ṣoṣo nínú Scratch, pé ìyẹn ló rọrùn. Èmi ò fara mọ́ ọn o.

Ẹ wo họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Yàrá wà nínú háòsì, bẹ́ẹ̀dì wà nínú yàrá. Tí matron bá ń wá ẹnì kan, á ní háòsì kejì, yàrá kẹta, bẹ́ẹ̀dì kìíní. Ká ní wọ́n kàn to orúkọ gbogbo wa gbọọrọ, orúkọ kankan ò sọnù, àmọ́ ta ló máa mọ ẹni tó ń bá ta ni gbé?

Bẹ́ẹ̀ náà ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Minna níbí jìnnà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ti rí Ìbàdàndùn lára àwọn ìyá wa. Àpótí-àpótí ni wọ́n pín aṣọ náà sí, àwòrán wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. (Ṣíbí yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ebi ń pa ẹni tó yà á.)

Ká sọ pé ìlà 4 la ní, àpótí 5 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú àkójọ kan ṣoṣo, 20 ló tò tẹ̀ léra. Tí a bá fi ọ̀kan kún ìlà kejì, èyí tó jẹ́ 11 á di 12, gbogbo èyí tó kù á sún, ìlà kẹta á bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ní àkójọ tirẹ̀ nínú àkójọ ńlá, ìlà kejì nìkan ló máa di 6. Ìlà kẹta ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Scratch ò gba àkójọ sínú àkójọ. Tí o bá ti ọ̀kan bọ inú èkejì, ọ̀rọ̀ lásán ló máa kà á sí. Snap! tí Jens Mönig àti Brian Harvey ṣe gbà á, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ sì jọ ti Scratch. Àwọn ayàwòrán ilé tó ń lo Grasshopper náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: igi ni wọ́n ń pe àkójọ ńlá, wọ́n ń pe àwọn kékeré ní ẹ̀ka.

Wọ́n ní Snap! máa gba àkókò. Òótọ́ ni, "ìkẹta nínú ìkejì" máa ń da orí rú lákọ̀ọ́kọ́. Àmọ́ a lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà ká lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká fi Sátidé méjì kọ́ ọ ká tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ náà. Èmi á mú ìwé onílà wá.