Ẹ Tẹ́ Ẹní fún Ọmọ Ọwọ́ Yín



Ní àdúgbò wa ní Máfolúkù, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a má lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Bí a bá ti ṣe àdúà tán tí a sì ti pe orúkọ ọmọ, àwọn ènìyàn a máa kó ẹ̀bùn wá: aṣọ, ọṣẹ, ìpara, ìlédìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó nǹkan a tilẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ń jókòó sí láti fi kọ́ ìrìn, èyí tí à ń pè ní wọ́kà. N kò tíì rí ẹni tí ó gbé ẹní wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹní ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, tọkọtaya kan gbé ọmọkùnrin wọn wá bá mi ní mọ́sálásí. Ìyá ọkọ wà pẹ̀lú wọn. Ọmọ náà ti pé oṣù 7, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Alfa, ẹ bá wa wo ọmọ yìí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jókòó. Ṣé ọwọ́ ayé kọ́ ni èyí?"

Ìyàwó kò gbójú sókè. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ gún lára nílé. Mo ṣe àdúà fún wọn, mo sì wí pé, "Ẹ mú sùúrù, Ìyá. Àwọn ọmọ kì í dọ́gba." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. N kò béèrè bí ọmọ náà ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. N kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó lé ní oṣù 6 kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ibà pọ́njú tí ó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí funfun ojú rẹ̀ pọ́n bí òróró, ni ó ba ibi tí ó ń darí iṣan nínú ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àti pé ìbá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá ti tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú iṣan náà. Ọmọ yìí wà láàyè, Àlùhàmúdùlílà, ó sì ń kọ́ bí a ti ń jókòó. Ṣùgbọ́n oṣù 6 tí ó ṣòfò yẹn, èmi náà ní ìpín nínú rẹ̀. Àdúà dára púpọ̀; ṣùgbọ́n Àńábì wa (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) tí ó kọ́ wa ní àdúà, òun náà ni ó pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni ilé odindi kò ṣe tètè rí i? Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ náà ń gbé. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní Òṣòdì. Ó ń pọ̀n ọ́n jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìrọ̀lẹ́ ni ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, orí ibùsùn. Orí tí ó ń fara ti ẹ̀yìn ìyá lábẹ́ ọ̀já, ta ni yóò mọ̀ pé kò lè dá dúró?

Kí ẹ má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé o. Èmi kò bá pípọ̀n jà. Ẹ̀yìn ìyá ni wọ́n ti pọ̀n èmi náà dàgbà. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a máa pọ̀n ọ́n, kí a sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àńábì wa kírun nígbà kan pẹ̀lú Úmáámà, ọmọ Sàínábù ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá dúró, a gbé e. Nígbà tí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e kalẹ̀. Gbígbé àti gbígbé kalẹ̀, ìkẹ́ ọmọ ni méjèèjì.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ní kí ọmọ tí kò tíì lè rá máa dojú bolẹ̀, kí ó fi àyà àti ikùn sùn, fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí kò sùn. Wọ́n ní kí a má ṣe dè é mọ́ ojú kan ju wákàtí 1 lọ lẹ́ẹ̀kan, ìbáà ṣe sórí àga, ìbáà ṣe sẹ́yìn ìyá. Wọ́n sì ní kí a má ṣe máa fi fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n tu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 nínú rárá.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ yóò fẹ́ gbé orí láti wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ó ti ń gbé e, ọrùn ń le. Lẹ́yìn ọrùn, èjìká. Lẹ́yìn èjìká, ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ìbàdí àti ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe yíra padà, tí yóò jókòó, tí yóò rá, tí yóò sì dìde.

Ta ni yóò wá máa ka ìṣẹ́jú 30 nínú iṣẹ́ ilé? Ládàánì ni mí, mo sì ti rí ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ẹ ń gbọ́ ìpè lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 6 ní ọ̀nà márùn-ún, 30 ni. Bí ẹ bá ti kírun tán, ẹ tẹ́ ẹní ti ọmọ, ẹ dà á dé e. Ìyá tí kò tíì máa kírun nítorí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ náà ń gbọ́ ìpè. Bí ọmọ bá ń sùn ní Àsùbáà tàbí Ìṣáì, ẹ má jí i. Ẹ fi tirẹ̀ kún ti ọ̀sán. Ọmọ tuntun lè má fara da ju ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ké, ẹ gbé e. Ẹ tún dán an wò nígbà mìíràn. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a ṣeré. Bí oorun bá ń kùn ún, ẹ yí i padà, nítorí pé ẹ̀yìn ni ọmọ ọwọ́ gbọdọ̀ fi sùn.

Mo mọ̀ pé iyàrá wa kéré. Àyè tí ènìyàn kan lè forí kanlẹ̀ sí ti tó. Ẹ gbé sítóòfù àti garawa omi kúrò nítòsí, ẹ ṣa owó wẹ́wẹ́, ẹ̀wà àti bátìrì nílẹ̀. Ẹni tí ó wà lọ́jà, inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ó tẹ́ ẹní sí, kì í ṣe ẹ̀bá títì. Ọmọ yóò dọ̀tí díẹ̀; ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má rá a lọ́wọ́.

Ní ti wọ́kà, kì í mú ọmọ tètè rìn. Ó ń sáré gbé e dé orí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ìdí omi gbígbóná kí ìyá tó yíjú. Láti ọdún 2004 ni ìjọba Kánádà ti fi òfin de títà rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa àgbà, ẹ má bínú sí mi: òrí tí ẹ fi ń pa ọmọ lára dára, ṣùgbọ́n kí a fi apá kan gbé e sókè, tàbí kí a dorí rẹ̀ kodò, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé ń tètè yẹ̀.

Ẹ má sì fi ọmọ yín wé ti aládùúgbò. Ìwádìí tí Àjọ náà tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, lára àwọn ọmọ ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Ómánì àti Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè dá jókòó láti nǹkan bí oṣù 4 títí di oṣù 9, ó sì lè dá rìn láti oṣù 8 títí di oṣù 17 àbọ̀. Bí ọmọ 4 nínú 100 kò tilẹ̀ fi ọwọ́ àti eékún rá rárá.

Ṣùgbọ́n bí ọrùn kò bá dúró ní oṣù 4, bí ọmọ kò bá dá jókòó lẹ́yìn oṣù 9, bí kò bá rìn ní oṣù 18, bí ara rẹ̀ bá le gbagidi tàbí tí ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, tàbí tí apá kan kò ṣiṣẹ́ bí èkejì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wo bí ó ti ń gbé ọrùn. Ẹ lọ ná, kí ẹ tó wá bá mi. Tàbí kí ẹ ti ọ̀dọ̀ mi lọ. Ìyàwó tí kò gbójú sókè lọ́jọ́sí kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ní báyìí, bí mo bá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ẹní ni mo ń mú lọ́wọ́. Ìyá ọmọ kan bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Alfa, ṣé ẹní ìrun ni?" Mo ní, "Rárá, ìyá ọmọ, ti ọmọ ni. Ẹ tẹ́ ẹ fún un lónìí."

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó sì fún wọn ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé wọn dé ọ̀nà rere. Àmín.