Wọ́n ní àwọn yọ tẹ́tẹ́ láyà jẹ́sì. Ta ló máa yọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, mo lọ wo bọ́ọ̀lù Premier League ní viewing centre àdúgbò wa. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 11 lọ jókòó síwájú mi. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń wò. Pátákó iná tó yí pápá ká ló tẹjú mọ́. Bí orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ bá ti ń sáré kọjá níbẹ̀, á kà á jáde bí ẹni ń ka ABD.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún Premier League pàtẹ́wọ́ délẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn kíláàbù ibẹ̀ fẹnu kò pé tí sáà 2025/26 bá ti parí, orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ kò ní sí láyà jẹ́sì mọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kàwé òfin, ohun tí àdéhùn kò dárúkọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Àyà jẹ́sì nìkan ni wọ́n dárúkọ. Apá jẹ́sì kò sí níbẹ̀. Pátákó iná náà kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, pátákó iná yìí gan-an ló lágbára jù lójú tèmi. Orúkọ tó wà láyà jẹ́sì dúró lójú kan. Bí agbábọ́ọ̀lù bá kẹ̀yìn sí yín, ó ti lọ nìyẹn. Èyí tó wà lórí pátákó, ẹnìkan ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ro bí ojú yín ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó yà á. Pápá gùn tó mítà 105, pátákó náà kì í sì í sábà ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Kò sáyè fún ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ. Orúkọ, àwọ̀ àti ìrìn ló kù. Ojú èèyàn sì máa ń yí sí ohun tó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kódà bí olójú kò fẹ́. Ìdí nìyí tí orúkọ yẹn fi ń sáré, tó ń fò, tó ń bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà yí pápá ká. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọjú ẹ̀ sí: kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹni tó jókòó sí Muṣin ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi kan tó ń ya irú àwòrán yìí fún screen fi iṣẹ́ kan hàn mí. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni gbogbo ẹ̀. Orúkọ oníbàárà gba 9. Ìkìlọ̀ pé tẹ́tẹ́ kì í ṣe ti ọmọdé gba 1, ó sì kéré débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó sọ fún mi bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló láṣẹ láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ ní ìpínlẹ̀ wọn, kì í ṣe ilé aṣòfin àpapọ̀. Ìyẹn ni pé láti Èkó dé Ọ̀yọ́, àwọn ìpínlẹ̀ ló mú ọ̀bẹ, àwọn náà ló mú iṣu. Lóòótọ́, Èkó kò lè pa iná tó ń tàn ní pápá Lọ́ńdọ̀nù. Àmọ́ iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ wa, a lè kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kó sì pẹ́ lójú bíi ti orúkọ iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀. Kí wọ́n má sọ pé kò ṣeé ṣe o. Ní Bundesliga ti Jámánì, wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí òǹwòran orílẹ̀-èdè kan rí ìpolówó tó yàtọ̀ sí ti ibòmíràn nínú ìdíje kan náà.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: àgbàlagbà ló ni owó ẹ̀, iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń san owó orí, wọ́n sì ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́. Òótọ́ ni. Mi ò ní kí wọ́n fòfin de tẹ́tẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí kò bá yẹ kí ọmọdé máa rí i láyà jẹ́sì, kò lè wá di ohun tó yẹ nígbà tó bá bọ́ sórí iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya á náà, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìkìlọ̀ máa gbà sínú àdéhùn yín, kí ẹ tó gbowó.

Ọmọ yẹn ò wọ jẹ́sì kankan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wù ilé ló wọ̀. Orí pátákó iná ló ti kà á.